Ìdí tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Kan Fi Lọ́ra Láti Padà sí Bíró Nígbà Àrùn Kòrónà

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́, ó sì jẹ mọ́ àìsàn. Gbogbo wa ni a rántí àrùn kòrónà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ìparí ọdún 2019. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ó ti dé ilẹ̀ Tógò, ó sì ti dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ti di àjàkálẹ̀ àrùn tí ó kárí ayé.

Ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n ti ilẹ̀kùn bíró. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé wọn. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n padà wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́ra. Àwọn mìíràn ní àwọn kò ní lọ rárá. Àwọn ènìyàn kan gbọ́, wọ́n sì wí pé: "Ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ gba owó oṣù lórí ibùsùn."

Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wa, nítorí pé ariyànjiyàn náà gbóná níbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó padà wá sí ilé. Irú ọ̀rọ̀ yìí lè dé abúlé wa lọ́jọ́ kan, bí kò tilẹ̀ sí bíró kankan níbẹ̀.

KÍ NI BÍRÓ?

Bíró ni ibi tí àwọn akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní ọ́fíìsì. Bí ẹ bá ti lọ gba ìwé ìbí ọmọ yín ní kọmúùnù, ẹ ti wọ bíró.

Ní ìlú bí Lọ́ńdọ̀nù, bíró kan lè gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú yàrá gbọọrọ kan ṣoṣo. Tábìlì kan kò jìnnà sí èkejì. Ní ọ̀pọ̀ ilé gíga, fèrèsé wọn kì í ṣí. Ẹ̀rọ ni ó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́. Òṣìṣẹ́ yóò jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù ni ọkọ́ àti àdá wọn. Ọkọ́ wa kò lè ro oko láti inú yàrá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ níbikíbi tí iná mànàmáná bá wà. Ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà, tàbí tí ó ń ṣírò owó, lè ṣe é lórí tábìlì tí ó fi ń jẹun nílé. Nítorí náà ni ó fi ṣeé ṣe fún wọn láti lọ sí ilé kí iṣẹ́ má sì dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nínú 100 òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 47 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn, tàbí díẹ̀ nínú rẹ̀, láti ilé.

Ẹ fi ọkàn sí iye náà. Kò tó ìdajì. Àwọn yòókù ńkọ́? A ó dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́.

ẸNU ÌJỌBA KÒ DÚRÓ SÓJÚ KAN

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, olórí ìjọba wọn, Boris Johnson, pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jókòó sí ilé.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba ní ó kù sí ọwọ́ àwọn ọ̀gá láti pe òṣìṣẹ́ wọn padà, bí ibi iṣẹ́ bá ti dára.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, kò tíì pé oṣù méjì, ìjọba tún ní kí ẹni tí ó bá lè ṣiṣẹ́ nílé máa ṣe é nílé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2021, wọ́n mú àṣẹ náà kúrò. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún dá a padà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n tún mú un kúrò.

Ẹ̀yin ará wa, bí a bá pe ẹnì kan, tí a tún lé e, tí a tún pè é, tí a tún lé e, ṣé kò ní lọ́ra nígbà tí a bá pè é ní ẹ̀ẹ̀kẹta? Ìdí kìn-ín-ní nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọn ó dì mú.

A kò sọ pé ìjọba ń ṣeré. Àrùn náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí ó bá rọlẹ̀, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn. Bí ó bá tún gbéra, wọ́n á tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbọ́ àṣẹ nílé kò rí ìṣirò tí ó wà lẹ́yìn àṣẹ náà. Ohun tí ó rí ni pé àná wọ́n ní ewu wà, lónìí wọ́n ní kò sí.

BÍ ÀRÙN NÁÀ ṢE Ń RÌN NÍNÚ BÍRÓ

Ìdí kejì ni ẹ̀rù àrùn gan-an. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àlá. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Seoul, olú-ìlú Kòríà Gúúsù, ní oṣù kẹta ọdún 2020.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀ tí ó ní àjà 19. Ní àjà kọkànlá, bíró kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí tẹlifóònù. Òṣìṣẹ́ 216 ni ó wà ní àjà náà. Àrùn kòrónà wọ ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ 94 ni ó kó o. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: nínú ènìyàn 10, ó lé ní ènìyàn 4.

Àwọn oníṣègùn yẹ ènìyàn 1143 wò, àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀, àti àwọn tí ó bá wọn lálejò. Wọ́n rí àrùn náà lára 97. Ẹ yọ 94 kúrò nínú 97. Ó ku 3 péré.

Ohun ìyanu nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ àjà kan ń pàdé àwọn ti àjà mìíràn ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sì ń pàdé nínú ẹ̀rọ tí ó ń gbé ènìyàn lọ sókè. Kí ló dé tí àrùn náà fi pọ̀ ní àjà kan ṣoṣo, tí kò sì pọ̀ ní àwọn àjà yòókù? Ìdí rẹ̀ ni pé kíkọjá lára ènìyàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yàtọ̀ sí jíjókòó tì í láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn ará àjà kọkànlá jókòó pọ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kó àrùn ni ó jókòó sí apá kan náà.

Bí ènìyàn bá ń mí, tí ó bá ń sọ̀rọ̀, tí ó bá ń kọrin, tí ó bá ń wúkọ́, omi kéékèèké ń ti ẹnu àti imú rẹ̀ jáde. Ojú kò lè rí i. Bí ó bá ní àrùn kòrónà, kòkòrò àrùn náà wà nínú omi yẹn. Àwọn tí ó tóbi díẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀ nítòsí. Àwọn tí ó fẹ́lẹ́ yóò máa fò nínú afẹ́fẹ́, bí èéfín sìgá.

Ẹ ronú nípa èéfín. Bí ẹnì kan bá mu sìgá ní àárín pápá, ẹ lè má gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ó bá mu ún nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò fà á símú, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó jókòó ní igun yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn yìí. Nítorí náà, yàrá tí ó kún, tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí, tí a sì ń pẹ́ nínú rẹ̀, ni ibi ewu. Bíró ìlú ńlá jẹ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀.

ẸNI TÍ Ó WÀ NÍ ILÉ

Ìdí kẹta ni àwọn tí òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ ní ilé. Àrùn kòrónà kì í ṣe gbogbo ènìyàn bákan náà. Ọ̀dọ́ lè kó o kí ó má ju ikọ́ àti orí fífọ́ lọ. Arúgbó lè kó o kí ó pa á. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí àìsàn ọkàn, tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, obìnrin kan lè wà ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, kí ara rẹ̀ le, kí ó má sì bẹ̀rù fún ara rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ tí ó ti darúgbó bá ń bá a gbé, ìyá yẹn ni ó ń bẹ̀rù fún. Ó mọ̀ pé òun lè gbé àrùn wálé láìmọ̀, nítorí pé ẹlòmíràn lè ní in lára kí ó má tíì hàn. Bí ọ̀gá bá wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lójú, yóò rí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá. Yóò wí pé ọ̀lẹ ni. Kò rí ìyá tí ó wà ní ilé. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ọ̀nà ibi iṣẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bíró ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gba abẹ́ ilẹ̀. Kí àrùn tó dé, wọ́n máa ń há mọ́ra wọn nínú ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀ bí ọsàn inú apẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn kò bẹ̀rù bíró rẹ̀. Ọkọ̀ ni ó ń bẹ̀rù.

KÌ Í ṢE ẸRÙ NÌKAN

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ pátá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó lọ́ra ni ẹ̀rù ń bà. Àwọn kan ti rí i pé iṣẹ́ ilé rọrùn. Wọn kò san owó ọkọ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń lo wákàtí kan láti lọ àti wákàtí kan láti bọ̀ ti rí wákàtí méjì gbà padà lójoojúmọ́. Ó lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun. Iṣẹ́ sì ń lọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn arúgbó ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Abẹ́rẹ́ náà kò ní kí ènìyàn má kó àrùn mọ́ rárá, ṣùgbọ́n ó dín ikú kù púpọ̀. Ẹ̀rù àwọn kan rọlẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ́ra.

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rù. Ìrọ̀rùn ni. Kò burú kí ènìyàn fẹ́ ìrọ̀rùn. Ohun tí ó burú ni kí ó fi aṣọ àrùn bo ìrọ̀rùn mọ́lẹ̀. Bí àwọn kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé lọ́wọ́. Ọ̀gá yóò wí pé irọ́ ni gbogbo wọn ń pa.

Àwọn ọ̀gá náà ní ìdí tiwọn. Wọ́n ń san owó ilé lórí bíró tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ kò rí àgbà tí yóò máa wò kọ́ iṣẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn tí ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíró pẹ̀lú jìyà, nítorí pé oníbàárà wọn kò wá mọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta ìrẹsì àti àkàrà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́, ẹ mọ bí ọjà ṣe ń rí nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ sí ìsinmi.

ÀWỌN TÍ KÒ NÍ Ẹ̀TỌ́ LÁTI LỌ́RA

A ti sọ pé a ó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò lè wa bọ́ọ̀sì láti ilé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò lè gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ lórí tẹlifóònù. Ẹni tí ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tí ń to ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ni ó ń jáde lójoojúmọ́ láti ìgbà tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá ní àdúgbò Peckham. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ bíró. Àwọn mìíràn wà nínú àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ wọn yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, àwọn oníṣirò ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìṣirò ikú jáde. Ó hàn nínú rẹ̀ pé ikú kòrónà pọ̀ láàrin àwọn ọkùnrin tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn awakọ̀ takisí àti àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ju bí ó ti rí láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin lápapọ̀ lọ.

Ẹ̀rù ń ba àwọn wọ̀nyí náà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń lọ? Owó ni. Ní ọdún 2020, owó tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọ̀gá san fún òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣàìsàn kò ju pọ́n-ùn 95 àti pẹ́ǹsì 85 lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, iye yìí kò tó owó ilé, ká má tíì sọ ti oúnjẹ. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lè dìde kí ó lọ sí ibi iṣẹ́. Yóò kó o ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé bí a kò bá bọ́ aláìsàn ní ilé, aláìsàn yóò wá bá wa ní ìta.

Ẹ rántí èyí: lílọ́ra láti lọ sí ibi iṣẹ́ jẹ́ ohun tí olówó oṣù lè ṣe. Ẹni tí ó ń jẹ iṣẹ́ òòjọ́ kò lè ṣe é. Ẹ̀rù kan náà ni ó bà wọ́n. Agbára wọn ni kò dọ́gba.

KÍ NI ÀWỌN ADÁJỌ́ SỌ?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà láti ọdún 1996. Ó sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá ní ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé ewu ńlá dé tán ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì lè yẹra fún ewu náà, ó lè kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí èyí.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, òṣìṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀rọ kan fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò ní padà títí ìjọba yóò fi dẹ òfin jíjókòó sílé, nítorí pé òun ní ọmọ tí àrùn náà lè ṣe ní jàǹbá. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Àwọn adájọ́ wo ibi iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ tóbi, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sì pọ̀. Wọ́n lè jìnnà síra wọn. Ọ̀gá ti ṣètò pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́, kí wọ́n sì máa fi àyè sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò sọ fún ọ̀gá pé ibi báyìí ni ewu wà nínú ilé iṣẹ́ yìí. Ayé lápapọ̀ ni ó ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó pàdánù ẹjọ́. Ó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, títí dé kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ó tún pàdánù níbẹ̀.

Àwọn adájọ́ kò sọ pé kí ènìyàn má bẹ̀rù. Wọn kò sì sọ pé àjàkálẹ̀ àrùn kò lè di ewu ní ibi iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ kan ibi tí ewu wà: "Ọ̀gá, fèrèsé yìí kò ṣí." "Ọ̀gá, tábìlì mi sún mọ́ ti ẹnì kejì jù." Kí ó sọ ọ́ kí ó tó lọ. Bí ọ̀gá bá gbọ́ tí kò ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà nìyẹn.

OHUN TÍ ÀWỌN ỌLỌ́GBỌ́N Ọ̀GÁ ṢE

Àwọn ọ̀gá kan kígbe, wọ́n halẹ̀. Àwọn mìíràn fi ọgbọ́n ṣe é. Wọ́n bi òṣìṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kí ni ó ń bà ọ́ lẹ́rù?" Wọ́n ṣí fèrèsé. Wọ́n fà tábìlì jìnnà síra. Wọ́n pín òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan wá ní ọjọ́ ajé, àwọn kan wá ní ọjọ́ ìṣẹ́gun. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan dé ní agogo mẹ́wàá, kí wọ́n má baà há mọ́ inú ọkọ̀. Ẹni tí ó ń tọ́jú arúgbó, wọ́n fi í sílẹ̀ nílé fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àrùn kòrónà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Àrùn náà kò tán o, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín kù. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ bíró kò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń wá ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìyókù nílé. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wọ iṣẹ́. Ọ̀gá lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀.

ÀWA ŃKỌ́?

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba sé ọ̀nà mọ́ Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn ní ìhà etíkun. Ẹnikẹ́ni kò lè wọlé tàbí jáde láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò ti gbogbo ènìyàn mọ́ inú ilé. Ààrẹ Patrice Talon ṣàlàyé pé orílẹ̀-èdè wa kò ní owó tí àwọn ìlú olówó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìyá tí ń ta tòmátì kò lè tà á lórí kọ̀ǹpútà. Ọlọ́kọ̀ zémidjan kò lè gbé èrò láti inú yàrá rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, wọ́n ṣí ọ̀nà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì padà sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn òbí kan lọ́ra láti jẹ́ kí ọmọ wọn lọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti dé àárín wa.

Àìsàn mìíràn lè tún dé. Ọjọ́ náà lè jẹ́ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ olówùú, tàbí ọjọ́ ọjà, tàbí ọjọ́ kíláàsì ìwé kíkà yín. Ẹni tí ó jẹ́ olórí yóò ní kí gbogbo ènìyàn wá. Àwọn kan kò ní wá. Kí ni kí olórí ṣe? Ṣé kí ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn? Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣe nǹkan mẹ́rin yìí.

Èkínní, kí ó mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà rìn. Omi àti oúnjẹ tí ó dọ̀tí ni àrùn onígbáméjì ń bá rìn. Ṣíṣí fèrèsé kò lè dá a dúró. Omi mímọ́ àti ọṣẹ ni ó lè ṣe é. Kòrónà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá èémí rìn. Fún ìwọ̀nyí, afẹ́fẹ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yín. Ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ agbọ̀rọ̀sọ ọjà.

Èkejì, kí ó bi ẹni tí ó ń lọ́ra ní ìdí rẹ̀, kí ó sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ìyá wa, a kò rí yín ní ìpàdé. Ṣé kò sí o? Kí ni ó ń kọ yín lóminú?" Ó lè jẹ́ pé ọmọ ìkókó wà nílé. Ó lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ń wúkọ́. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ìbínú kò lè sọ fún yín.

Ẹ̀kẹta, kí ó tún ohun tí ó bá ṣeé tún ṣe ṣe. Bí ó bá jẹ́ àrùn inú èémí, ẹ gbé ìpàdé kúrò nínú yàrá. Ẹ lọ sí abẹ́ igi. Ẹ gbé ìjókòó jìnnà síra. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé kúrú. Ẹ lo ìbòmú bí àwọn oníṣègùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Èyí kò ná yín ní owó púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ ran ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn lọ́wọ́, kí ó lè dúró sí ilé. Bí ẹgbẹ́ bá bá a ro oko rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní gbé àrùn wá bá yín. Àárò ni àwọn bàbá wa ń pe irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun.

Ìgbà tí olórí bá ti ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lè pe ènìyàn. Ẹnu rẹ̀ yóò gbà á. Ẹni tí ó bá sì tún kọ̀ láìsí ìdí, gbogbo ẹgbẹ́ yóò mọ̀ pé kò sí ẹ̀rù níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí a ń pè náà, ẹ ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ má ṣe dákẹ́ sínú ilé. Ẹ wá sọ ohun tí ó ń bà yín lẹ́rù, kí ẹ sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù, ẹ pè é ní ẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ àárẹ̀ tàbí ìrọ̀rùn, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ìbẹ̀rù ejò kò jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù tí ó ní ìdí ń ṣọ́ ẹ̀mí. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ kí ẹ tó wo inú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌWÉ KÍKÀ

1. Nínú bíró ìlú Seoul, kí ló dé tí àrùn náà fi pọ̀ ní àjà kan ju àwọn yòókù lọ?

2. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàrin ẹni tí ẹ̀rù ń bà àti ẹni tí ó fẹ́ ìrọ̀rùn? Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n?

3. Kí ló dé tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò lè lọ́ra bí akọ̀wé? Ta ni ó dà bí awakọ̀ náà ní abúlé wa?

4. Ẹ wo yàrá tí ẹ ti ń kàwé. Fèrèsé mélòó ni ó ní? Bí àrùn inú èémí bá dé lọ́la, ibo ni ẹ ó gbé kíláàsì yín lọ?

Ẹ jíròrò rẹ̀ láàrin ara yín. Kí ẹnì kan kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ẹlòmíràn kà á sókè. Ó di ìgbà mìíràn. Kí ara ó le o.